Ewé Kan Lórí Òwú Tútù

"Wọ́n ti ń jẹ ara wọn, sà."

Obìnrin tó sọ ọ́ kò gbé ojú kúrò lára awò amóhun-tóbi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò fèsì. Obìnrin náà mọ̀ pé inú ń bí i, nítorí ọ̀gá náà kì í dákẹ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Àwàdà ni ṣáá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí tábìlì.

Lábẹ́ awò náà, ewé ẹ̀wà kan tí wọ́n gé róbótó wà lórí òwú tí omi ti rin gbingbin. Àwọn kòkòrò tó wà lórí rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ní, bíi eégbọn tó jẹ́ ìbátan wọn. Wọn kò ní ìyẹ́, wọn kò sì lè kọjá omi, nítorí náà ewé yẹn ni gbogbo ayé wọn. Wọ́n á rìn dé etí rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ kan omi, wọ́n á yí padà. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ọ̀kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, kòkòrò náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kékeré kan tó fara pamọ́ sídìí iṣan ewé, ó mú un, ó sì fa omi ara rẹ̀ mu títí ó fi ku awọ.

"Ìdílé wo nìyẹn?" Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

"Ìdílé Keje, sà."

"Keje? Ṣebí àwọn lo wá sọ níwájú gbogbo wa pé wọn kì í jẹ ọmọ ilé wọn?"

"Wọn kì í tètè jẹ ẹ́ ni mo sọ, sà. Ebi yìí ti pọ̀ jù."

Oríṣi kòkòrò méjì ni wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí náà. Àwọn kan pupa, wọ́n sì máa ń fa omi ewé mu títí oko àgbẹ̀ á fi gbẹ bí ibi tí iná jó. Pupa ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n. Àwọn kejì ló ń jẹ Pupa, àwọn ni wọ́n ń pè ní Ọdẹ; torí àtibọ́ wọn ni wọ́n ṣe ń sin Pupa. Ọdẹ ni wọ́n fẹ́ máa kó fún àgbẹ̀ dípò oògùn apakòkòrò. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti wádìí bóyá àwọn Ọdẹ tó jọ dàgbà lórí ewé kan máa ń dá ara wọn mọ̀, tí wọ́n sì máa ń dá ara wọn sí nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ìdílé tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò pẹ́ lóko. Nínú gbogbo èyí tó ti sìn, Ìdílé Keje nìkan ló ń fún un ní ìdáhùn tó ń wá. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ilẹ̀kùn: PUPA LÁÀÁRỌ̀, ỌDẸ LỌ́SÀN-ÁN. Ẹni tó bá ti wọ yàrá Ọdẹ kò gbọdọ̀ padà sí yàrá Pupa lọ́jọ́ náà, kóòtù tó wọ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ọdẹ díẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ ti tó láti jẹ gbogbo Pupa run.

Ẹnì kan ti rú òfin náà. Kí wọ́n tó fura, Ọdẹ ti kún yàrá Pupa, wọ́n ti jẹ ibẹ̀ run. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo ewé ibẹ̀ jáde, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n fi búlíìṣì fọ ògiri. Wọ́n ti ń sin Pupa mìíràn, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó pọ̀ tó, àwọn Ọdẹ orí òwú á ti kú tán.

"Mo mọ ẹni tó ṣe é," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. "Ta ló tún ń wọ gbogbo yàrá bí kò ṣe Màmá Bàtà? Mo ti ní kó wá dá bàtà àti kóòtù padà láàárọ̀ ọ̀la."

"Sà, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

"Ẹni tó pẹ́ ló ń gbàgbé. Àbí ìwọ mọ ẹlòmíràn ni?"

"Rárá, sà," ó dáhùn. Òtítọ́ ló sọ nígbà náà.

Màmá Bàtà ló ń fọ ilẹ̀ gbogbo yàrá. Bàtà rọ́bà tí kì í bọ́, kódà tó bá ń jẹun, ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí obìnrin tó ń ṣèwádìí náà ń lọ sílé, ó bá Màmá Bàtà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, tó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó Kọ́kọ́rọ́, ṣé o ti gbọ́?" Nítorí ọkọ obìnrin náà ni ó ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀: ọkọ rẹ̀ ni alábòójútó àwọn yàrá, òun ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ìwádìí wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Kí ni n ó fi kòkòrò ṣe? Tí n bá fẹ́ jí nǹkan, ṣé èyí tí mi ò lè fojú rí ni n ó jí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún padà nu ibi kan náà. "Òfin yẹn, ojú oorun ni mo ti ń kà á. Bàbá ilé mi a máa bi mí pé ta ni Pupa tí mò ń pè láàárọ̀, ta ni Ọdẹ tí mò ń retí lọ́sàn-án."

Ìyàwó Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in.

Ilé òṣìṣẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé kò jìnnà, ẹ̀yìn ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin ewé àwọn kòkòrò sí ló wà. Ipò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí bíi tirẹ̀ kì í rí ilé gbà. Kí wọ́n tó débẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni òun, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan tí kò ní gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé, omi dúdú tó ń rùn. Wọ́n á gbé Màmá jókòó sórí tábìlì, àwọn méjèèjì á dúró sínú omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkọ rẹ̀ á gbé àpò ìwé ìyàwó rẹ̀ mọ́ àyà kí ó má bàa tutù. Obìnrin náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń le gbagidi láàárọ̀, tí kò ní ṣeé tẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń bomi rin ẹ̀wà tó gbìn sínú àwọn ike, tó ti fà mọ́ irin ojú fèrèsé títí dé òkè. Ẹ̀wà yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ewé rẹ̀ ti ń pọ́n, ó ti ń wọ́, ìyá náà sì ti pinnu pé ìyàwó òun ló gbé kòkòrò wálé láti ibi iṣẹ́. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kí ara wọn mọ́ ju káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ.

"Ẹ káalẹ́, Màmá."

"O káàbọ̀, ìyàwó mi." Ohùn rẹ̀ dùn ju tàná lọ. "Wá wo ẹ̀wà mi. Wò ó bó ṣe ń yọ ọ̀mùnú. Inú mi ò bí ẹ mọ́ o. Àwọn kòkòrò rẹ ti lọ."

Ó wò ó. Àwọn ewé tuntun ti jáde, wọ́n tutù yọ̀yọ̀.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Ọmọ mi ló bá mi wá nǹkan sí i. Ewé kan ló mú wá, ó fi há àárín rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó ní oògùn ni. Ó ní n má sọ fún ẹ kó o má bàa rò pé..." Ìyá náà wò ó. "Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

Obìnrin náà ti yọ awò ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú báàgì. Ó yí ewé kan dojú délẹ̀. Pupa díẹ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀, lábẹ́ okùn tín-ín-rín tí wọ́n ta sára ewé. Láàárín wọn, nǹkan kan tó ń dán sáré kọjá. Òmíràn tẹ̀lé e. Ó yí ewé mìíràn. Àwọn Ọdẹ wà níbẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹyin wọn.

Ó jókòó sórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ kí ó tó rí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gba ilé ìdáná wọlé, ó ń kọrin lábẹ́nu. Obìnrin náà lọ bá a níbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kóòtù rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn ibí?"

Orin dá. Ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fa àga jókòó.

"Ó ti sú mi," ó sọ. "Tí mo bá wọlé, Màmá á ní kòkòrò ìyàwó mi ti pa ẹ̀wà òun. Tí mo bá dé yàrá, ìwọ á kọjú sí ògiri. Mo ní kí n mú ewé Ọdẹ kan péré. Mo fi sínú àpò kóòtù, mo gbàgbé láti bọ́ kóòtù náà, mo wọ̀ ọ́ wálé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ̀ ọ́ lọ."

"O wọ̀ ọ́ wọ yàrá Pupa."

"Mo wọ̀ ọ́ wọ yàrá Pupa." Ó fi ọwọ́ bojú. "Ọjọ́ tí wọ́n ń sun ewé yẹn, èmi ni mo ń da epo sí i."

"Orí tábìlì wo lo ti mú ewé náà?"

"Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn."

Tábìlì Ìdílé Keje ni. Àwọn tó kù ní ibi iṣẹ́ kò lè rí ọ̀la, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyá wọn wà lẹ́yìn ògiri yìí, wọ́n ń yé, wọ́n ń yó. Ó sọ ọ́ fún un.

Ojú ọkọ rẹ̀ là. "Ṣé o rí i! Gbé wọn lọ, kó o sọ pé..."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé ìwọ lo mú wọn wálé, o fẹ́ fi dán nǹkan wò. Ìwọ, wọ́n lè bá ẹ wí kí wọ́n sì fi ẹ́ sílẹ̀. Èmi, wọ́n máa lé mi dànù ni, wọ́n á gba ilé. Ibo la máa gbé Màmá sí? Orí tábìlì?"

"Tí wọn ò bá wá fi mí sílẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ yí àwọn kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀.

"Tí mi ò bá sì sọ nǹkan kan, Ìdílé Keje á kú, iṣẹ́ mi á bá a lọ. Màmá Bàtà náà ńkọ́?"

"Màmá Bàtà ti darúgbó, ó..." Ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì pa ẹnu dé.

Omi ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ti dá bíbomi rin ẹ̀wà dúró. Ó hàn pé ó ń gbọ́. Ilé ìdáná náà kò fẹ̀, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, kò sì sí ibi tí ẹnì kan lè kọjú sí tí kò ní rí ẹnì kejì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan àti òwú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Èyí tó dáa jù ni kó o gé," ìyá náà sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé nítorí ẹ̀wà mi ni?"

"Rárá, Màmá. Kì í ṣe nítorí ẹ̀wà yín."

Ó gé àwọn ewé náà, ó tẹ́ wọn sórí òwú, ó da omi yí wọn ká. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn jọ lọ. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé gíláàsì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Òun ló gbé àwo. Ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin lé orí, nítorí tí àwo bá tẹ̀, omi á dà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn Ọdẹ á rí ọ̀nà.

Màmá Bàtà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní iwájú yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti ká kóòtù rẹ̀ sórí itan. Sálúbàtà tó máa wọ̀ lọ sílé wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Káàárọ̀, ìyàwó. Bọ̀ọ̀dá Kọ́kọ́rọ́, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin náà ni wọ́n pè ni?"

Ọkọ obìnrin náà kò lè wo ojú Màmá Bàtà. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ na àwo náà sí i, ọkọ rẹ̀ sì ti gbà á kó tó ronú, ọwọ́ méjèèjì.

"Ìwọ lo gbé wọn jáde," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ìwọ ni kó o gbé wọn padà."

"Ilé ńkọ́?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Mo rántí omi yẹn. Mo rántí ẹni tó gbé àpò mi mọ́ àyà pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n bá lé wa dé, a jọ máa wà níbẹ̀ ni. Wọlé lọ."

Ó dúró. Ó wo omi inú àwo, ó wo ilẹ̀kùn.

"Ọwọ́ mi ò sófo," ó sọ. "Mi ò lè kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn náà fún un.

"Ta nìyẹn? Wọlé!" ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n dún láti inú.

Ọkọ rẹ̀ fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Àwọn kọ́kọ́rọ́ dún ní ìbàdí rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi padé lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin náà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Bàtà. Màmá Bàtà ti tẹ̀ síwájú, ó ti di ọrùn bàtà kan mú.

"Ìyàwó Kọ́kọ́rọ́, ṣé kí n kúkú máa bọ́ ọ sílẹ̀ dè wọ́n ni?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, Màmá," ó sọ.