Èémí Bàbá Ṣeun Nínú Ìgò

Bàbá Ṣeun, ẹ má tíì dìde, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Mo wà níbi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń po èéfín mọ́ gáàsì haidirójìn kó lè di epo, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ìyá mi tó ti kú ni. Irin lúbúlúbú tó ń sọ èéfín di epo ń sín nínú ìkòkò bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ní, “Èéfín ti tán. Èémí ọkọ rẹ á ṣe é.” Mo bá rí yín nínú ìgò, ẹ ń mí sínú ìkòkò, ẹ ń rẹ́rìn-ín, epo ń kán, ẹ sì ń kéré sí i. Mo sáré fi àtẹ́lẹwọ́ dé ẹnu ìgò náà pinpin, kí èémí yín má baà tán. Bí mo ṣe lajú, imú yín ni mo fọwọ́ dí.