Ẹni Tó Kú Nínú Ìpín Karùn-ún

Kò sí ẹni tó lè dúró ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ kùtùkùtù kí oorun má kùn ún nígbà tó bá fìdí lé àga tìmùtìmù ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mi ò fi èyí gbèjà Alágbàfọ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ti fi gbèjà ara rẹ̀ títí ó fi sú u. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ láti àárín lè sọ pé ìkà ni obìnrin náà, kò sì níkà nínú.

Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kóòtù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó níwájú adájọ́, tó ń tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé: ẹjọ́ olè, ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ tọkọtaya tí wọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú mọ́. Títí dòní ló ń sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun bá fò lè rán aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó di ọdún kẹta, ojú rẹ̀ náà fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà yẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kàwé fún un: lẹ́tà, ìwé ìròyìn, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Èyí tó gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀ sì ni Yàrá Kọkànlá.

Yàrá Kọkànlá ni eré ọ̀daràn tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n pa adájọ́ kan sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọlọ́pàá obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá sì ń wá ẹni tó pa á. Èdè òkèèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ládùúgbò ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ló máa ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Alágbàfọ̀ á máa ka ìtumọ̀ yẹn sókè, ìyá rẹ̀ á máa gbọ́ ohùn àwọn òṣèré, á sì máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Ìyá Kóòtù lè sọ irú aṣọ tí ọlọ́pàá náà wọ̀ láti inú bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìgbà míì, ohun tó sọ á sì jóòótọ́.

Lọ́jọ́ ìpín karùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì méjìlélógójì ni Alágbàfọ̀ ti lọ̀ kó tó jókòó. Ó ka ìlà bíi mélòó kan. Oorun gbé e lọ. Igbe obìnrin kan nínú eré ló jí i, ó lajú, ó rí ọkùnrin kan tí wọ́n da aṣọ funfun bò nídìí àtẹ̀gùn, bàtà dúdú nìkan ló yọ síta.

"Ta ló kú?" ìyá rẹ̀ bi í, ó ti di apá àga mú.

Bàtà dúdú ni awakọ̀ adájọ́ máa ń wọ̀.

"Awakọ̀ ni, Màmá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó sọ pé òun sùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún látìgbà èwe pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣeé fò, kì í rọrùn fún un láti sọ pé òun fo ogún ìṣẹ́jú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn olólùfẹ́ eré náà dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wà, Ìyá Kóòtù sì ní àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fèrèsé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Tíṣà máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mẹ́rin wá, tí Nọ́ọ̀sì á sì wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ sí kílíníìkì. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, kò sí ibi tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ eré náà ló ń gbé e wá.

"Ó ká mi lára o," Ìyá Kóòtù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Awakọ̀ yẹn tó kú. Èèyàn jẹ́jẹ́."

"Aṣọ́nà òtẹ́ẹ̀lì ló kú, Màmá," Tíṣà ní. "Awakọ̀ ń bẹ láyé, ó ń jẹun."

"Tíṣà, ṣé ẹ máa ń sùn sídìí eré ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó dorí kọ aṣọ tó ń lọ̀. Nígbà tó yá, nínú gbogbo ohun tó ṣe, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sùn. Ó ti ka ìlà mẹ́wàá dáadáa nígbà tí awakọ̀ adájọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń há díẹ̀ lọ́fun.

"Dúró ná," ìyá rẹ̀ ní. "Ohùn awakọ̀ nìyẹn. Ṣebí o ní ó ti kú?"

"Àbúrò rẹ̀ ni, Màmá."

"Àbúrò rẹ̀? Ohùn wọn wá jọra tó báyìí?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Ìyá Kóòtù fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Hẹn-ẹn," ó ní. "Etí mi náà ti fẹ́ fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Alágbàfọ̀ kò rí ibi kankan gbójú sí. Ó ń ka ìtumọ̀ lọ, àmọ́ ó wá di dandan kó máa tún un ṣe bó ṣe ń lọ. Níbi tí wọ́n bá ti pe awakọ̀, á ní àbúrò awakọ̀. Níbi tí awakọ̀ bá ti sọ pé òun ló gbé adájọ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ náà, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló gbé e lọ. Iṣẹ́ yìí le ju aṣọ lílọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Tíṣà wọlé tayọ̀tayọ̀. "Mo ti sọ ọ́ pé awakọ̀ ló pa adájọ́. Ta ló ń fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan?"

"Àbúrò awakọ̀ lẹ ń wí," Ìyá Kóòtù dá a lóhùn.

"Àbúrò wo, Màmá?"

"Àbúrò tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ohùn wọn jọra gan-an."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wo Tíṣà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," Tíṣà wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ọmọ kíláàsì kìíní ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ìyá Kóòtù sì mọ irú ohùn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà ní kóòtù, òun ni wọ́n fi ń bá ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi lọ.

Nọ́ọ̀sì pe Alágbàfọ̀ síta. "Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń ṣe báyìí? Má bínú o. Ọpọlọ àgbàlagbà a máa hun ìtàn láti fi dí ibi tí ìrántí bá ti jò. A máa ń rí i níbi iṣẹ́."

Ẹ gbọ́ èsì tí ọmọ fọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tó burú. Irọ́ àkọ́kọ́, oorun ló fà á. Èyí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ti ń gbọnrí, ó ti ń sọ pé òun á pe ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀ ọkùnrin, torí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwé ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Kóòtù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ á gbọ́ ọ nínú yàrá, tó ń ka orúkọ àwọn adájọ́ méje tó bá ṣiṣẹ́, látorí èyí àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, á tún kà wọ́n padà sẹ́yìn. Á dìde lọ fọwọ́ kan gáàsì bóyá òun ti pa á, á jókòó, á tún dìde. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, kò ní pe orúkọ onítọ̀hún mọ́ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Á bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mẹta pé ta nìyẹn, kódà bó jẹ́ Tíṣà. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ọ̀rọ̀ Yàrá Kọkànlá lọ́jọ́ Ẹtì, á ní, "Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Orí tèmi ò já geere mọ́."

Alágbàfọ̀ ń rí gbogbo èyí. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé lónìí ni òun á sọ ọ́. Á la ẹnu, ìyá rẹ̀ á ní, "Kí ni?" Á ní, "Ṣé kí n po tíì fún yín?" Ìyá Kóòtù mu tíì tó pọ̀ jọjọ lóṣù yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn débi pé ó fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà méjì, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìpín kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ó ti bá dókítà sọ̀rọ̀, ó sì ti gba yàrá kan sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nítòsí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́. Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì dúró nídìí ilẹ̀kùn, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n dúró.

"Má da ara rẹ láàmú," Ìyá Kóòtù sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Mo ti di ẹrù mi láti àná. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tó láyé mi, mo mọ̀ ọ́n bí ẹ̀rí bá ti pọ̀. Ó kàn dùn mí ni pé mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀."

Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ Alágbàfọ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó yọ iná rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀.

"Nǹkan kan ò ṣe Màmá," ó ní. "Èmi ni mo parọ́ fún wọn. Mo sùn lọ nídìí eré. Aṣọ́nà ló kú. Awakọ̀ ò ní àbúrò kankan."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàtà dúdú, ẹ̀rín tó rín, ohun tó sọ fún Nọ́ọ̀sì níta. Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ inú rẹ̀. Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àmọ́ Ìyá Kóòtù gbé ọwọ́ sókè.

"Ohùn awakọ̀ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Ohùn rẹ̀ ni, Màmá."

"Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo wá bi ara mi pé ta ni kí n gbà gbọ́, ṣé etí mi ni àbí ọmọ mi? Mo ní ọmọ mi ni." Ó mí kanlẹ̀. "O ò bá sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Ṣé mo máa nà ọ́ ni?"

Alágbàfọ̀ ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ò wí fún un pé kó dákẹ́. Ó ń fi ìka tẹ apá àga bí ẹni tó ń tẹ̀wé, lẹ́yìn náà ló wá ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ bá òun gbé àpò ìwé òun wá láti inú yàrá.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi ka lẹ́tà mẹ́ta tó wà lókè. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi kankan kà á."

Ó dun Alágbàfọ̀ wọra, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ̀rọ̀?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ wá látọ̀dọ̀ obìnrin kan tí òun àti Ìyá Kóòtù jọ ṣiṣẹ́. Ó ní òun ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, àti pé òdòdó tí Ìyá Kóòtù fún òun ti kú sínú ìkòkò. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń kà á ni ètè Ìyá Kóòtù ń bá a lọ, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ibòmíì wà tó tiẹ̀ ṣáájú Nọ́ọ̀sì dé ìparí ìlà. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀. Ọkùnrin náà dorí kodò.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kà á," Ìyá Kóòtù ní.

Èkejì wá láti kóòtù, wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kà á." Ara Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, ìyá òun á mọ̀ pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo nǹkan.

Ẹ̀kẹta wá láti ilé ìwòsàn ojú. Ìyá Kóòtù jókòó dáadáa, ó gbé ọrùn sókè. Nọ́ọ̀sì kà á pé iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ti kú ní ojú méjèèjì, àti pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà.

"Tún un kà."

Nọ́ọ̀sì tún un kà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìyá Kóòtù na ọwọ́ gba ìwé náà, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á lórí, bíi pé ọ̀rọ̀ míì lè wà níbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kà á fún mi," ó ní. "Látìgbà tó ti ń jẹ́wọ́ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ó parọ́ fún mi nínú èyí náà."

Alágbàfọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ló kà fún un lọ́jọ́ yẹn.