Àyè Tí Wọ́n Jókòó Lé

Súẹ́tà mẹ́fà ni Maddalyn Pruitt, ọmọ àdúgbò wa, tẹ́ sórí ibùsùn rẹ̀. Ó ya fọ́tò wọn, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo Toledo, ìlú wa, lè rí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà ló gbà á, súẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà láàárín, aláwọ̀ ewé yẹn, ti Brandt Lake ni, ní Michigan. Nígbà tí mo rí i, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bọ́ síta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko tí kò ṣe mí ní nǹkan kan tu.

Brandt Lake ni Corinne, ọmọ-ọmọ mi, fẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń sọ pé eré olórin lòun máa ṣe jẹun, irú èyí tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Àwọn Brandt Lake kì í gbà ju ọmọbìnrin mẹ́jọ lọ lọ́dún, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó ń wá kọrin fún wọn. Maddalyn wà nínú mẹ́jọ yẹn. Corinne ni wọ́n kọ̀wé sí pé kó dúró ná: òun ló ṣìkẹsàn-án, bí ẹnì kan bá yẹ̀ kúrò, wọn á pè é.

Gbogbo wa la sì mọ̀ pé New York ni Maddalyn ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ilé ìdáná mi, pẹ̀lú bisikíìtì mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Brandt Lake. Ó ń dúró de ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ tó ń jáde ilé ìwé máa ń wọ súẹ́tà ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, kó wá mú ẹyọ kan níwájú kámẹ́rà. Àwọn àgbà ní ohun tí a kì í jẹ, a kì í fi í runmú. Ọmọ yìí ń fi oúnjẹ ọmọ mi runmú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí jù nítorí èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ Chicago ní oṣù kejì. Ìyá Corinne, ọmọ tèmi, nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn ò fún un láyè. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́, yìnyín kì í bà mí lẹ́rù. Shelly, ìyá Maddalyn, ní òun ò lè rìn nínú yìnyín, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì dé síbẹ̀ ṣáájú wa pẹ̀lú irun dídì.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyẹn máa ń kóra jọ sí láti dán àwọn ọmọ wò, yàrá kan sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Àwọn ọmọ ń sá láti àjà kan dé òmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà láyà. Kò sí kọ̀rọ̀ tí ẹ máa yà sí tí ẹ ò ní bá ọmọ kan tó kọjú sí ògiri, tó ń tún ohùn ṣe. Corinne wọ yàrá mẹ́sàn-án ní ọjọ́ mẹ́ta. Á sọ orúkọ rẹ̀, á fi ìwé orin rẹ̀ han ẹni tó ń tẹ dùùrù, á kọ orin tí wọ́n ti gé títí kò fi tó ìṣẹ́jú kan, wọn á sì ní, “O ṣé.” O ṣé yẹn ni mo kórìíra jù láyé yìí. Ọmọ fi ọdún mẹ́jọ kọ́ orin, ẹnì kan á máa jẹ sáládì níwájú rẹ̀, á nu ẹnu, á ní o ṣé.

Nínú yàrá Tolliver, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan láti Kentucky, obìnrin kan bi í bóyá kò ní orin mìíràn tó bá ìrísí rẹ̀ mu. Corinne sanra díẹ̀, bíi tèmi. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti bá a.

“Màmá, orin ìyá arúgbó ni wọ́n fẹ́ kí n kọ.”

“Ìyá arúgbó ló dúró níwájú ẹ yìí, kí ló ṣe é? Nu imú ẹ. Yàrá wo ló kàn?”

“Brandt Lake.”

“Lọ kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ojú ò tì mí, gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọrin tán, mi ò gbọ́ o ṣé. Wọ́n bi í ibi tó ti wá, wọ́n bi í ẹni tó kọ́ ọ, wọ́n ní kó tún un kọ látòkèdélẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ojú tó ń dán, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Màmá, wọ́n wò mí.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ ibòmíràn mọ́.

Ìwé dé ní oṣù kẹta. Mẹ́fà ní rárá. Brandt Lake ní kó dúró. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Indiana gbà á, tí kò burú, tí kò sì dùn mọ́ ọn. Ẹ wá gbọ́ ẹni kejì tó gbà á: Tolliver! Àwọn onísọ̀rọ̀ ìrísí! Corinne ní òun ò ní lọ síbẹ̀ láéláé, ó sì fẹ́ kọ̀wé kíá pé òun ò ní wá. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí àwọn náà dúró díẹ̀, kí wọ́n mọ bó ṣe ń rí.”

A rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé Tolliver.

Oṣù kẹrin wá, ọmọ náà kò kọrin mọ́. Ṣé ẹ mọ ilé tí orin ti ń jáde láti balùwẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ? Ó dákẹ́. Fóònù ló ń gbé sùn. Mo pe Brandt Lake fúnra mi, obìnrin ọ́fíìsì wọn ní, “Ìyá, a ò lè lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àǹfààní títí di ọjọ́ kìn-ín-ní láti dáhùn.” Ìgbà tó fi ku ọjọ́ méjì, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo rìn lọ sí ilé Shelly, ilé kẹrin sí tiwa.

Ó wà ní gáréèjì, ó ń fẹ́ bàlúùnù. Àwọ̀ mẹ́fà.

“Ah, Màmá Verna! Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá mi wo aṣọ tábìlì tó—”

“Mi ò wá wo aṣọ. Ṣé Maddalyn ń lọ Brandt Lake?”

“Ẹ ṣáà mọ̀ pé New York ni.”

“Ó ti sọ fún wọn?”

“Ó máa sọ fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìn-ín-ní.”

“Kí ló ṣe òní? Ìṣẹ́jú kan ni. Pè é wá síbí, kó tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi.”

Shelly so bàlúùnù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra so ó. “Màmá Verna, ẹ má bínú. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fún wa lọ́jọ́. Títí di ọjọ́ Ẹtì, tiẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ti ń jó láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù.”

“Ilẹ̀ tútù mẹ́fà! Ẹsẹ̀ mélòó lọmọ ẹ ní?”

“Ẹ má bú ọmọ mi o.”

“Ta ló ń bú ọmọ ẹ? Ìwọ ni mò ń bú! Ọmọ mi ò sùn, kò jẹun, nítorí fọ́tò. Fọ́tò, Shelly! O jókòó lé àyè ọmọ ọlọ́mọ kí bàlúùnù ẹ lè pé mẹ́fà. Ojú ò tì ẹ́?”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó máa sunkún, inú mi sì ti ń dùn sí i. Kò sunkún.

“Kí lẹ̀yin ti sọ fún Tolliver?”

“Tolliver wo?”

“Ti Kentucky. Corinne sọ fún Maddy. Ó ní ẹ̀yin lẹ gba fóònù lọ́wọ́ òun, ẹ ní kí wọ́n dúró. Ṣé ẹ rò pé kò sí ọmọ tó ń dúró ní Kentucky ni?”

Mo sọ ìka tí mo nà sí i kalẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹnu lé ọmọkùnrin bàǹtàbanta padà sórí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì! Ìka kan la fi ń júwe ẹlòmíràn, mẹ́ta á kọjú sí wa. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọdé títí, mi ò yí ọwọ́ tèmi wò rí. Mo yí padà, mo sì jáde láìdágbére.

Inú ọkọ̀ mi níwájú ilé ni mo ti pe Tolliver. Ọkùnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Mo ní Corinne Stupak ò ní wá, kí wọ́n fún ẹlòmíràn láyè náà.

“Ẹ ṣé, ìyá. Ọmọ kan ló kàn lóòótọ́. Bàbá àgbà rẹ̀ máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àná ló pè kẹ́yìn, ó ní kí a yọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ti lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín.”

“Ẹ pè é padà.”

“Ìyá—”

“Ẹ pè é báyìí. Màá dúró.”

Mo dúró. Wọ́n fi orin sí mi létí, mo dúró. Ó pẹ́ kó tó padà sórí fóònù.

“Bàbá àgbà náà ní wọ́n dúpẹ́. Ọmọ náà ní òun ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa orin mọ́.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Mi ò lè sọ ìyẹn fún yín.”

Mo wọlé lọ sọ fún Corinne. Kò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí.

“Mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn nígbà yẹn, Màmá.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ.”

“Ǹ bá kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mi ò kọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ń dúró dè mí.” Ó yí fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. “Maddy náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan náà.”

Ọjọ́ Ẹtì pé. Maddalyn mú súẹ́tà New York níwájú kámẹ́rà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ kéèkì. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ló kọ̀wé sí Brandt Lake pé òun ò ní wá. Corinne jókòó ti fóònù títí di agogo mẹ́fà, èmi náà jókòó tì í. Ìgbà tí ìwé dé, òun ló kà á síta: ọjọ́ ti lọ, wọ́n dúpẹ́ fún sùúrù rẹ̀, wọ́n ti pinnu láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin méje lọ́dún yìí.

Méje! Àyè náà ò tilẹ̀ kan ẹnikẹ́ni. Mo bú Brandt Lake, mo bú Shelly, mo bú bàlúùnù. Corinne jẹ́ kí n bú wọn tán, ó sì kọ̀wé sí Indiana pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ wẹ̀. Mi ò gbọ́ orin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Shelly dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú páì ápù. Kò dirun, ojú rẹ̀ wú.

“Màmá Verna, Maddy ti sunkún títí. A ò mọ̀ pé wọ́n á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ jọ̀ọ́.”

Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ dè é láti àná ti wà létè mi, wọ́n gbóná, wọ́n sì tọ́ sí i. Inú ṣì ń bí mi sí i bí mo ṣe ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n mo wo páì yẹn, mo sì rí i pé Shelly mọ ilé tó yẹ kó gbé e wá. Èmi ńkọ́? Ilé wo ní Kentucky ni màá gbé tèmi lọ?

Mo gba páì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yà fún un kó wọlé. Mi ò sọ pé o ṣé.