Ẹyin Orí Ìgbòkun

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ onígbòkun náà, kò sì fẹ́ mi níbẹ̀. Ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán ìgbòkun tuntun fún un kó tó rọ̀ díẹ̀.

"Tí aṣọ yìí bá gbé wa lọ, tó gbé wa bọ̀, ìwọ ni aránṣọ ọkọ̀ mi," ló wí. "Àmọ́ tó o bá fi àlùmọ́gàjí kàn án lẹ́nu ìrìn àjò yìí, ilé lo máa jókòó sí. Aṣọ tí wọ́n bá gé, atẹ́gùn ló máa parí ẹ̀."

Kò sí iṣẹ́ míì tó wù mí láyé. Mo ní mo gbọ́.

Èrò kan ṣoṣo la gbé: Bàbá Ẹlẹ́yẹ, àgbàlagbà tó ń ka ẹyẹ àwọn erékùṣù ọ̀nà jíjìn. Ẹyẹ funfun kan wà, onírù pupa, tí kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án láti ogún ọdún. Mo bi í pé kí ló ń wá lẹ́yìn ẹyẹ tó ti lọ. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àbùùbùtán kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fín omi sí wa lára, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ tóun ti ń retí nìyẹn.

Ní erékùṣù tó kẹ́yìn, a tẹ́ ìgbòkun sábẹ́ igi létí omi kí n lè tún etí rẹ̀ rán. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀, ẹyẹ funfun kan ti jókòó sáàárín rẹ̀ gan-an, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá yalé rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ó dìde díẹ̀, mo sì rí ẹyin kan lábẹ́ rẹ̀. Ìrù rẹ̀ pupa.

Mo ké sí Bàbá Ẹlẹ́yẹ. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

"Tá a bá ṣí i nípò, ó máa kọ ẹyin yẹn sílẹ̀," ló ní.

A ò sì lè dúró, omi mímu wa ò ju ti ọ̀nà ilé lọ. Inú bí mi sí ẹyẹ náà, sí bàbá, sí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ ṣẹ́gi. Odindi erékùṣù, aṣọ tèmi ló rí! Bàbá Ẹlẹ́yẹ ò bẹ̀ mí rárá. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá kọ̀.

Mo mú àlùmọ́gàjí. Mo gé aṣọ náà yí ẹyẹ ká, mo fi ègé abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì fi ẹnu sọ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gígé náà dùn mí ju kí wọ́n gé ara mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó wo ihò, ó wo ẹyẹ, ó wò mí.

"Mo gé e," ni mo wí. "Mo máa jókòó sílé."

Ó fi ọwọ́ wọn ihò náà. "Kí lo fẹ́ fi dí i?"

"Ìbora mi."

"Ìyẹn ò lè gba atẹ́gùn."

Ó tú tapólì tó ta bo ibùsùn tiẹ̀, ó jókòó sódìkejì ihò náà, ó gba abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ mi. A jọ rán an ni, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Àlẹ̀mọ́ náà ò ya.

Ní èbúté, mo gbé ẹrù mi, mo kí i pé ó dàbọ̀. Ó ń ká okùn, kò gbójú sókè.

"Tá a bá ń padà lọ," ló wí, "mú aṣọ púpọ̀ dání. Ẹyẹ yẹn lè ti kó ẹbí ẹ̀ dé."