Ọjọ́ Àáró Zakariyya

Ọdún kẹfà nìyí tí Zakariyya ti ń kọ ebè nínú àáró àwọn ọkùnrin márùn-ún kan ní Ọ̀kà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ ebè kan ṣoṣo fún òun. Orúkọ Israel ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Israel lọ sí Ìlú Ọba, bàbá rẹ̀, Bàbá Akínlọ́lá, tí í ṣe olórí àáró náà, fi Zakariyya sí ipò ọmọ rẹ̀, ó sì ń san owó òòjọ́ fún un. Bí àáró bá wá kan Israel, oko Bàbá Akínlọ́lá ni gbogbo wọn tún ń lọ, lẹ́ẹ̀kejì nínú ọdún kan náà.

Ìgbìrà ni bàbá Zakariyya. Ọ̀kà ni a bí òun sí, èdè Ọ̀kà ni ó fi ń bá aya rẹ̀ ṣàwàdà. Síbẹ̀, Ìgbìrà ni gbogbo ìlú ń pè é. Lọ́dún yìí ó rí ilẹ̀ gbà. Bí àáró kò bá kàn án kí òjò tó dá, ilẹ̀ yóò le, iṣẹ́ òòjọ́ ni yóò sì padà sí.

Òun ni ó fi ọ̀kadà gbé Israel láti Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ tí ó dé fún ìsinmi. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn alááró péjọ sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá Akínlọ́lá láti pín ọjọ́, ni Zakariyya tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún èmi náà ní ọjọ́ kan."

Bàbá Akínlọ́lá kò gbé ojú sókè. "Àáró ọmọ onílẹ̀ nìyí. Bí Ìgbìrà bá wọ inú rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò béèrè tẹ̀lé e."

"Ó ti ní ilẹ̀ ná," ni Àlàájì Badmus, ọ̀kan nínú àwọn alááró, wí. "Èmi ni mo fún un. Ebè ni kò ní." Ó yíjú sí Israel, ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Pupa láti kékeré nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. "Pupa, báwo ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún?"

"Ẹ má pè mí ní Pupa mọ́, Àlàájì. Mo ti di dúdú."

Badmus wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Oòrùn ibẹ̀ mà le."

"Òtútù ni ó wà níbẹ̀. Níbi tí mo ti wá iṣẹ́, wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n fi àmì sí irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ará Ọ̀kà kò sí nínú rẹ̀. Obìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ ní dúdú ni mí, mo sì di dúdú. Ará Gánà, ará Jàmáíkà, àwa tí a kò gbọ́ èdè ara wa, orúkọ kan náà ni wọ́n pè wá, ibi ìfọṣọ kan náà ni wọ́n sì kó wa sí."

"Owó rẹ ṣáà ni ò ń gbà," ni bàbá rẹ̀ wí.

Israel mi orí. "Rárá, Bàbá. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, n kò ní ìwé àṣẹ. Orúkọ ọkùnrin kan tí ó ní ìwé ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń bọ́ sí. Èyí tí ó bá wù ú ni ó ń fún mi. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ yin òṣìṣẹ́ tí ó dára jù, orúkọ ọkùnrin náà ni ó pè."

Bàbá Akínlọ́lá ti fi ọmọ yìí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́fà.

"Nísinsìnyí ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Orúkọ mi ti wà lórí ìwé. Mo ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo délé, mo sì rí i pé èmi ni ọkùnrin yẹn níbí."

Bàbá Akínlọ́lá yíjú sí Zakariyya. "Ibo ni oko rẹ wà?"

"Ọ̀nà Ṣúpárè ni, Bàbá."

"Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá dé oko kí ìwọ tó dé, n óò padà sílé."

Ní Ọjọ́bọ̀, Zakariyya ti wà lóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, Israel sì tẹ̀ lé wọn. Kí oòrùn tó mú, ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Dúdú," ni Badmus wí, "gbé ọkọ́ sókè."

Òjò dé ní ọ̀sán, nígbà tí ó ku poro ebè méjì péré. Gbogbo wọn sá wọ abẹ́ igi. Zakariyya nìkan ni ó dúró láàárín àwọn ebè rẹ̀, tí ó ń wo bí wọ́n ti ń mu omi.