Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Òkú Mi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo gba lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́, tí mo sì sun ún níná. Ó ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, èmi kò sì fẹ́ kí ó fi mí sílẹ̀ nínú ilé. Ọdún méjìlélógún ti kọjá. Aṣọ ilé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n mi ń fọ̀ títí di òní, n kò sì tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ mi ni láti máa lẹ ìwé tó bá ya ní ilé-ìkàwé. Ìwé kẹta girama ni mo kà mọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin ní kí n ṣètò eré "Ta Ló Pa Á?" fún àwọn òǹkàwé wa, níbi tí àwọn òǹwòran yóò ti máa bi àwọn tí a fura sí ní ìbéèrè títí wọn yóò fi mọ apànìyàn, ẹ̀rù bà mí kí n má lọ kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ lọ bi apòògùn bóyá májèlé inú eré náà lè pa ènìyàn láàárín wákàtí kan. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta lo fẹ́ fún jẹ?"

Èmi ni mo ṣe òkú. Obìnrin tó yẹ kí ó ṣe ẹ̀gbọ́n òkú kò yọjú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá wa rí ẹ̀gbọ́n mi láàárín àwọn tó wá wòran, ó sì fi bébà ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lé e lọ́wọ́.

"Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ wá nǹkan sọ fúnra yín," ọ̀gá wa sọ fún un.

Mo dùbúlẹ̀ láàárín pẹpẹ ìwé méjì, mo di ojú. Télọ̀ kan ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn olùwádìí. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lókè orí mi.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi pa àbúrò yín?"

"Nítorí ilé bàbá wa," ẹ̀gbọ́n mi kà á jáde.

"Ilé tó ń jò!" ẹnìkan kígbe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, irọ́ lẹ ń pa fún wa," télọ̀ wí. "Kí ló ṣe fún yín gan-an?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ká bébà náà.

"Ó gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́, ó lọ sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná."

Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún mi ní àkókò náà, n kò rò pé ẹ̀jẹ̀ yóò jáde.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Afìwéránṣẹ́ ni. Ó ní ọwọ́ àbúrò mi lòun fi sí. Mo bá eérú rẹ̀ nílẹ̀."

"Ẹ ò wá lù ú?"

"Ọmọdé ni. Mo ní tó bá dàgbà, á sọ. Ó dàgbà, ó níyàwó, ó bímọ méjì, kò sọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ mà mọ eré ṣe o! Kí ló wà nínú lẹ́tà ọ̀hún?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mo wọkọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní orúkọ àwọn tó fèsì nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn. Bóyá wọ́n mú mi ni o, bóyá wọn ò mú mi. Òkú tí ẹ̀ ń wò yìí nìkan ló mọ̀."

Mo la ojú. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi le koko. Mo dìde jókòó.

"Yéè, òkú jí!" awakọ̀ kan pariwo. Ọ̀gá wa ń juwọ́ sí mi pé kí n dùbúlẹ̀.

"Wọ́n mú yín, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Mo kà á kí n tó sun ún."

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fa àga kan, ó rọra jókòó.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí n wọlé?"

Mo ronú dáadáa, kí n má baà ṣì í sọ. "Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní kí ẹ mú bàtà funfun dání."

"Bàtà funfun," ó wí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá bébà padà fún ọ̀gá wa, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo sáré dìde.

"Má tẹ̀ lé mi," ó ní. "Màá pè ọ́."

Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò tíì pè.