Irú Tí Kò Sí Nínú Agbọ̀n

"Rárá o, Tíṣà! Irú lẹ ń tẹ̀, ẹ ò yan lórí pápá!"

Àsàmáù fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun. Láti ìgbà tó ti ń wọkọ̀ wá láti Ìkàrẹ́ sí gbọ̀ngàn yìí ní Ọ̀kà, kíkí nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin nìkan ló ń pé jọ síbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti rí màbo lọ́wọ́ ajínigbé. Theresa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí wọn, kì í bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí nínú igbó. Ijó ló ń bá wọn jó. Ó ní ẹ̀rù tó bá ti wọ inú ara, ẹnu nìkan kò lè lé e jáde. Lónìí, ó ní kí kálukú fi iṣẹ́ tó ń ṣe jó, kí àwọn yòókù máa fara wé e. Nígbà tó kan Àsàmáù, ó ṣe bí ẹni ń fẹsẹ̀ tẹ èèpo kúrò lára irú, wọ́ọ́rọ́wọ́, nídìí ògiri. Bridget, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá ń gbẹ́sẹ̀ gbàgà gbàgà tẹ̀lé e.

Irú ni Àsàmáù ń ṣe tà kí wọ́n tó jí i gbé lọ́nà oko. Nínú igbó, wọ́n ní kó dojú bolẹ̀, wọ́n sì na ìbọn sí i lẹ́yìn orí. Ó padà wálé láàyè, àmọ́ láti ìgbà náà, bí iwájú orí rẹ̀ bá ti fẹ́ kan ilẹ̀, èémí rẹ̀ á há. Orí àga ló ti ń kírun. Àwọn ará ilé rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Eléyìí á gbé ìpara wá, tọ̀hún á júwe ewé. Á gbà á, á dúpẹ́, á wá lọ sunkún ní kọ̀rọ̀. Kó ṣáà lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tó ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ wá kọ́ mi nígbà náà, Ìyá Hanifah." Bridget fọwọ́ sí ìbàdí, ó kọjú sí Àsàmáù.

Àsàmáù bọ́ sáàárín agbo. Ó ká ìró sókè díẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ lọ ilẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Ẹ lọ̀ ọ́! Bí ẹ ṣe ń fò yẹn, èèpo rẹ̀ ò ní bọ́ títí Iléyá."

Ẹ̀rín sọ. Theresa ń pàtẹ́wọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń tẹ irú tí ẹnikẹ́ni ò rí, ìdí ń yí, òógùn ń bọ́. Inú Àsàmáù dùn, ó dùn débi pé ó yà á lẹ́nu.

"Èèpo ti bọ́! Ẹ jẹ́ ká lọ ṣàn án lódò," Àsàmáù wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń mi agbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àfi bí Bridget ṣe figbe ta: "Yéè! Tèmi ti dà sómi!"

Àsàmáù kì í lè wo irú kó ṣòfò, ìbáà ṣe irú àfẹnusọ. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó na ọwọ́ méjèèjì láti bá a kó o, ẹ̀rín sì gbé e ṣubú síwájú. Iwájú orí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

Ó dúró kí èémí há. Ẹ̀rín ló ṣì ń mì í lẹ́yìn.

Theresa sáré kúnlẹ̀ tì í. "Mà, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, ọmọ mi. Fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ ná."

Sìmẹ́ńtì náà tutù, ó ń rùn bí eruku díẹ̀. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ yin Olúwa rẹ̀, ó tún un yìn, kò kánjú.

"Ìyá Hanifah!" Bridget ṣì ń pariwo lókè orí rẹ̀. "Ẹ dìde, omi ń gbé irú lọ!"

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ," ó dáhùn láti ilẹ̀.